Ewé àti Abẹ́rẹ́: Ìtọ́jú Ẹran Ọ̀sìn ní Mpape

Ọ̀rọ̀ ajá, ewúrẹ́, màlúù àti adìyẹ ló délẹ̀ lónìí, Mpape la sì ti máa bẹ̀rẹ̀.

Orí òkè ni Mpape wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Bwari, ní Àbújá. Ẹni tó bá ń ti Maitama bọ̀, níbi tí àwọn ọlọ́lá ń gbé, títì márosẹ̀ kan ni yóò sọdá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà. Àwọn Gbagyi ló nilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Àwọn tó wá ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, àti àwọn tí owó ilé ìgboro Àbújá ti ga jù fún, ni wọ́n wá kún ibẹ̀ fọ́fọ́ lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, nígbà tí ilẹ̀ mì níbẹ̀, gbogbo Nàìjíríà ló gbọ́ orúkọ Mpape lórí rédíò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í mì lójoojúmọ́. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń sin ẹran láàmú lójoojúmọ́ ni ewúrẹ́ tó ń wúkọ́, adìyẹ tí ọrùn rẹ̀ lọ́, àti ajá tó ń họra títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Àbújá wà ní Gwagwalada, òpin kejì olú-ìlú pátápátá. Ta ni yóò gbé ewúrẹ́ wọ takisí láti Mpape dé Gwagwalada? Owó ọkọ̀ lè sún mọ́ owó ewúrẹ́ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ewé, epo pupa, káún àti ìmọ̀ràn aládùúgbò fi máa ń ṣáájú dókítà. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ibẹ̀ gọ̀. Wọ́n mọ ìṣirò owó dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká fi ajá ṣíwájú. Bí ajá bá bẹ̀rẹ̀ sí í họra ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi dábàá pé kí wọ́n lọ gba ọ́ìlì dúdú lọ́wọ́ mẹkáníìkì, èyí tí wọ́n ti tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á fi kun ajá náà láti orí dé ìrù. Nígbà mìíràn, ó máa ń jọ pé ó ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì náà á bo ara ajá mọ́lẹ̀, àwọn kòkòrò èkúrú tó gbẹ́ ihò sínú awọ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, díẹ̀ nínú wọn á sì kú. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ti jó nínú ẹ́ńjìnnì kún fún èérún irin, òjé àti àjókù epo. Ajá kì í fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láìlá. Ohun tó bá lá, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ ni yóò gbé ẹrù rẹ̀; èyí tó sì gba ojú egbò wọlé kò ní jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ajá náà bá kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á ní èkúrú ló pa á.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń mú ajá náà họra. Ó lè jẹ́ èkúrú lóòótọ́, èyí tó máa ń ràn mọ́ ọmọ aráyé pẹ̀lú. Ó lè jẹ́ eégbọn. Ó lè jẹ́ iná ajá, nítorí àwọn ajá kan wà tí ara wọn kò gba itọ́ tó wà lẹ́nu kòkòrò náà rárá: ìgé kan ṣoṣo tó láti mú wọn fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ jẹ ìdí ìrù ara wọn. Ó lè jẹ́ eruku inú ilé tàbí ìyẹ̀fun òdòdó, èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn ajá òyìnbó bíi German Shepherd àti Bulldog ju lára ajá ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ekuke lọ. Maitama nísàlẹ̀ ni ẹ ti máa rí irú àwọn ajá òyìnbó wọ̀nyẹn jù, níbi tí olówó wọn ti ń fi kádì báńkì ra òróró àgbọn àti ọtí kíkan ápù fún wọn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Olówó ń méfò, tálákà ń méfò. Ohun tí wọ́n fi ń méfò ló yàtọ̀. Ẹni tó ń da ọtí kíkan sára ajá tí eégbọn ń jẹ àti ẹni tó ń kun ọ́ìlì dúdú, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà.

Oúnjẹ náà wà nínú ẹjọ́. Ní ọdún 2016, àwọn dókítà ẹran mẹ́ta, Mueller, Olivry àti Prélaud, kó àkọsílẹ̀ àwọn ajá tí oúnjẹ ń mú họra jọ láti inú ọ̀pọ̀ ìwádìí, wọ́n sì yẹ ohun tó ń fà á wò. Ẹran màlúù ló léwájú, 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Wàrà tẹ̀ lé e pẹ̀lú 17, adìyẹ 15, àlìkámà 13. Nínú ológbò, ẹran màlúù àti ẹja ló ṣáájú. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣàkíyèsí nínú àkọsílẹ̀ yìí ni pé kì í ṣe oúnjẹ àjèjì ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tí ẹran náà ń jẹ lójoojúmọ́ ni.

Fún irú ajá bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú tó gbéṣẹ́ jù kò sí nínú ìgò, kò sì sí lórí igi. Ẹ ó wá ẹran kan tí ajá náà kò jẹ rí láyé rẹ̀, ẹ ó fi oúnjẹ kan bí iṣu tì í, ìwọ̀nyí nìkan ni yóò sì máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó kéré tán. Bí ara bá rọ̀ ọ́, ẹ ó dá a padà sórí oúnjẹ àtijọ́. Bí yíyún bá tún padà dé, ẹ ti mú ọ̀daràn náà. Ọ̀nà yìí kò ná ni lówó gọbọi, ó sì jẹ́ ọ̀nà tí àwọn dókítà awọ ẹran fúnra wọn gbẹ́kẹ̀ lé jù, ju àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní Mpape, níbi tí ajá ti ń jẹ àjẹkù ilé mẹ́rin márùn-ún, ẹ fojú inú wò ó. Ọmọdé kan tó ju egungun màlúù sílẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó ti ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ewé fúnra rẹ̀. Dóńgóyárò kún Àbújá. Láti ilẹ̀ Íńdíà ni igi náà ti wá, ìjọba amúnisìn ló sì gbìn ín sí àríwá Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1928, láti dí ojú aṣálẹ̀. Nínú igi náà, pàápàá nínú èso rẹ̀, ni ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí kòkòrò lè bọ́ awọ kó dàgbà, tí kì í sì í jẹ́ kí oúnjẹ wù ú jẹ. Ìyẹn ni pé àwọn tó ń se ewé dóńgóyárò tí wọ́n fi ń wẹ ajá eléégbọn kò ṣe iṣẹ́ òmùgọ̀. Ohun tí igi náà mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ sí. Lóde ara ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Òróró rẹ̀ tí ẹ bá rọ sí ọmọ ajá lẹ́nu jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ológbò ni kẹ́ ẹ tún ṣọ́ra fún jù lọ.

Ológbò! Ara rẹ̀ kò rí bí ti ajá, kò sì rí bí ti ènìyàn. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní irinṣẹ́ kan tí ẹ̀dọ̀ tiwa ń lò láti sọ ọ̀pọ̀ oògùn di ohun tí ìtọ̀ lè gbé jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹyọ parasítámọ̀ kan ṣoṣo, èyí tí ẹ ń lò sí ẹ̀fọ́rí, fi lè pa ológbò. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á yí padà, kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, ẹnu rẹ̀ á dúdú. Ajá náà ní tirẹ̀. Àlùbọ́sà àti ááyù, tí gbogbo wa mọ̀ sí oògùn, máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa ajá àti ológbò sí wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ajá ló ń gún ááyù sínú oúnjẹ rẹ̀ láti lé aràn. Adìyẹ lè jẹ ááyù kí nǹkan kan má ṣe é, àwọn olóko adìyẹ káàkiri àgbáyé sì ń fi í sínú oúnjẹ adìyẹ láti ìgbà tí ilẹ̀ Yúróòpù ti ka fífi oògùn apakòkòrò mú ẹran sanra léèwọ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2006. Ohun tó wo adìyẹ sàn lè ṣe ajá lọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ewé kò ní ìpalára, ẹ bi í pé: lára ẹranko wo?

Àwọn ẹranko fúnra wọn mọ̀ pé ewé lè woni sàn, ó sì lè pani lára. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1987, nínú igbó Mahale ní Tanzania, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Michael Huffman àti Mohamedi Seifu Kalunde, ọmọ bíbí ilẹ̀ Tongwe tó mọ igbó náà bí ẹni mowó, ń tẹ̀ lé ìnàkí kan tí wọ́n ń pè ní Chausiku. Ara abo ìnàkí náà kò yá. Kò jẹun, ó ń sùn lọ́sàn-án gangan, kò tilẹ̀ ráyè ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó lọ ṣẹ́ ẹ̀ka igi kan, ó bó èèpo rẹ̀ dànù, ó jẹ inú rẹ̀, ó mu omi kíkorò rẹ̀, ó sì tu ìyókù. Mohamedi ló sọ fún Huffman pé oògùn ni igi yẹn nílùú àwọn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Chausiku ti ń wá oúnjẹ kiri. Igi wo ni? Ewúro ni o. Ewúro ọbẹ̀ yín yìí gan-an ni.

Lẹ́yìn náà ni Huffman àti àwọn onímọ̀ ní Japan wá yẹ igi náà wò fínnífínní, wọ́n sì rí àwọn èròjà tó ń bá aràn àti kòkòrò inú jà. Wọ́n tún rí nǹkan mìíràn: èròjà tó lè pa eku pọ̀ nínú ewé àti èèpo, ó sì kéré nínú ọ̀pá tí ìnàkí jẹ. Ìnàkí tó ń ṣàìsàn ti mọ apá tó yẹ kó jù nù. Àwọn ìyá wa náà tó ń fọ ewúro lómi mẹ́ta mẹ́rin kó tó wọ ìkòkò kò ka ìwé Huffman kí wọ́n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdílé Mohamedi náà ní ìtàn tiwọn. Bàbá bàbá rẹ̀, Babu Kalunde, rí ọmọ òòrẹ̀ kan tí inú ń run, tó ń hú gbòǹgbò igi kan jẹ, tó sì yá. Nígbà tí ìgbẹ́ ọ̀rìn bẹ́ sílẹ̀ ní abúlé wọn, ó kọ́kọ́ tọ́ gbòǹgbò náà wò fúnra rẹ̀ kó tó fún àwọn ará ìlú. Ó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí bàbá náà ṣe: ó wo àìsàn òòrẹ̀, ó rí i pé ó jọ ti àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì dán an wò lára ara rẹ̀ ṣáájú.

Yorùbá máa ń sọ pé oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ti dáàbò bo ọ̀pọ̀ oògùn tí kò tọ́. Nítorí bí ewúrẹ́ bá kú, ewé ló kù. Bí ó bá yè, ewé ló ṣe é. Ọ̀nà wo la fẹ́ gbà mọ̀ nígbà náà?

Ìdáhùn kan wà ní ilé àwọn ará wa ní orílẹ̀-èdè Benin. Àrùn awọ kan wà tó máa ń mú màlúù lásìkò òjò. Bakitéríà ló ń fà á: irun á dìpọ̀ mọ́ra, awọ á di èépá líle, owó awọ á dínkù, wàrà á gbẹ. Abẹ́rẹ́ apakòkòrò a máa rọ àrùn náà lójú, àmọ́ ó máa ń padà wá. Àwọn olùwádìí Ali-Emmanuel, Moudachirou, Akakpo àti Quetin-Leclercq wá mú ewé mẹ́ta tí àwọn èèyàn fi ń tọ́jú awọ: àsúnwọ̀n òyìnbó, tí ọ̀pọ̀ yín ti fi ra làpálàpá ọmọ yín rí, ẹ̀wọ̀n-adẹ́lẹ̀, àti ìràwọ̀-ilẹ̀. Wọ́n yọ oje wọn, wọ́n fi ṣe ìpara, wọ́n sì ń fi í pa màlúù tó ní àrùn náà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni èépá ti ń já bọ́. Kí oṣù kan tó pé lẹ́yìn ìtọ́jú, irun tuntun ti hù. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí àrùn náà kò fi padà sára wọn, nígbà tí ti àwọn tó gba abẹ́rẹ́ apakòkòrò tún padà. Ọdún 2003 ni wọ́n gbé àbájáde náà jáde.

Òótọ́ ni pé àwọn màlúù náà kò tó mẹ́wàá, ìyẹn kò sì tó láti fi ṣe òfin fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Síbẹ̀, ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ọ́ìlì mẹkáníìkì. Wọ́n mọ àrùn náà lórúkọ. Wọ́n mọ ìwọ̀n ìpara, wọ́n ka ọjọ́, wọ́n fi wé oògùn mìíràn, wọ́n sì dúró títí ọdún mẹ́ta fi kọjá láti mọ̀ bóyá yóò padà. Ẹ tún gbọ́ èyí tó yani lẹ́nu jù: ẹ̀wọ̀n-adẹ́lẹ̀ yìí kan náà, tí màlúù bá jẹ ẹ́ nínú pápá, májèlé ni. Ó máa ń ba ẹ̀dọ̀ màlúù jẹ́ débi pé oòrùn lásán á máa jó o lára, awọ á sì bó. Lóde ara, oògùn. Nínú ikùn, májèlé.

Àwọn Fúlàní tó ń da ẹran kọjá lẹ́bàá Mpape ní ìtàn tó ju ewé lọ. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró màlúù kan wà tó máa ń gbá agbo ẹran lọ. Kí òyìnbó tó mọ ohun tó ń jẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára màlúù, àwọn darandaran ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti ń gé ègé kékeré lára ẹ̀dọ̀fóró màlúù tí àrùn náà pa, wọ́n á la awọ imú màlúù tó ṣì le, wọ́n á sì fi ègé náà sábẹ́ rẹ̀. Imú á wú, ara á gbóná, àwọn kan á kú. Èyí tó bá yè, àrùn náà kì í sábà mú un mọ́. Ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ọdún 1852 ni dókítà Louis Willems gbé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ jáde, ìrù ni òun ń gún ní tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ẹ̀rín ni ti onímọ̀ ará Faransé kan, de Rochebrune. Ó dé Senegambia, ó rí màlúù tó ní ìwo kẹta lórí imú. Inú rẹ̀ dùn. Ní ọdún 1880, ó kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Paris pé òun ti rí ìran màlúù tuntun, ó sì sọ ọ́ ní Bos triceros, màlúù oníwo mẹ́ta. Kò pẹ́ tí òótọ́ fi jáde: ojú àpá àjẹsára àwọn darandaran ni. Egungun imú ló wú níbi tí wọ́n ti la á. Ọ̀mọ̀wé náà ti fi orúkọ sáyẹ́ǹsì sọ àpá oògùn ìbílẹ̀. Lónìí, wọ́n ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn náà ní Vom, lẹ́bàá Jos, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924. Kò sí màlúù tó nílò ìwo kẹta mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ewúrẹ́. Káta ni ọ̀pọ̀ èèyàn Nàìjíríà ń pe àrùn tó burú jù fún un. Ojú á máa ṣe ìpin, imú á máa ṣàn, ẹnu á dá egbò, ìgbẹ́ gbuuru á dé, láàárín ọ̀sẹ̀ kan agbo ẹran ti di ìdajì. Àwọn èèyàn ń fi ata, epo pupa àti káún rọ ọ́ lẹ́nu. Ewúrẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kún fún egbò ni ẹ ń rọ ata sí! Epo pupa náà a máa gba ọ̀nà òfun tí kò tọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn kan á di méjì. Fáírọ́ọ̀sì ni káta, kò sì sí ewé kankan tí wọ́n ti fi hàn pé ó ń pa á. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ọmọ Nàìjíríà sì ni. Lára ewúrẹ́ tí káta mú ní Nàìjíríà ni wọ́n ti rí irúgbìn fáírọ́ọ̀sì náà ní 1975. Adama Diallo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di aláìlágbára nínú ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì gbé e jáde ní 1989. Nigeria 75/1 ni orúkọ rẹ̀ títí dòní. Láti Áfíríkà dé Éṣíà ni wọ́n ti ń gún un fún ewúrẹ́ àti àgùntàn, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ń dáàbò bò wọ́n fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ó jẹ́ ohun ìtìjú díẹ̀ pé ewúrẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ń jẹ àǹfààní Nigeria 75/1, tí ewúrẹ́ Mpape ń mu omi ata.

Ti adìyẹ ni lùkúlúkú. Láàárín ìparí 1952 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ àrùn náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní agbègbè Ìbàdàn. Adìyẹ á máa mí gùlegùle, ọrùn á lọ́, ìgbẹ́ á di àwọ̀ ewé. Ilẹ̀ á mọ́, àgò á ti ṣófo. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní ìdáhùn tiwọn sí i: tàgíìrì. Wọ́n á gé èso náà, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tí adìyẹ ń mu. Wọn kì í fi mọ sí lùkúlúkú nìkan, wọ́n ń lò ó sí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ náà. Àwọn olùwádìí ẹ̀ka ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn ti yẹ tàgíìrì wò lára eku, wọ́n sì rí i pé ó ń dín ìrora àti ara wíwú kù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń rí nìyẹn: adìyẹ tí ìrora rẹ̀ dínkù á mu omi, á jẹun, díẹ̀ á sì rí ọ̀nà yè é. Ẹni tó bá ti ní adìyẹ tó ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ lè fún un ní tàgíìrì, kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Àmọ́ ẹni tó fi tàgíìrì rọ́pò àjẹsára, agbo adìyẹ rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Àjẹsára tó bá irú Mpape mu jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní I-2. Ilẹ̀ Australia ni wọ́n ti ṣe é, fún adìyẹ abúlé gan-an, torí ó lè fara da ooru díẹ̀ níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró. Ẹ̀kán kan lójú adìyẹ ti tó, láìlo abẹ́rẹ́ rárá. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹ tún kán an. Vom náà ń ṣe é.

  

Èyí tó kù ni èyí tí kò gba àwàdà: dìgbòlugi. Tí ajá bá gé ènìyàn jẹ ní àdúgbò, àwọn kan á gé irun ajá náà, wọ́n á sun ún, wọ́n á fi sójú egbò. Àwọn kan á fi ewé gígún dí i. Egbò á jinná, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ewé, bẹ́ẹ̀ fáírọ́ọ̀sì náà ti ń gba inú iṣan rìn lọ sí ọpọlọ, ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Ọjọ́ tí ẹni náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi, kò sí dókítà, kò sì sí babaláwo tó lè dá a padà. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ènìyàn ni wọ́n ṣírò pé ó ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tí ajá 70 nínú ọgọ́rùn-ún bá gba àjẹsára ní ibì kan, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn mọ́. Ẹ gún ti yín lọ́dọọdún, ìbáà ṣe ekuke tó ń sùn sábẹ́ táńkì omi. Bí ajá bá ti wá géni jẹ, ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Ẹ má dí egbò náà, ẹ má fi epo sí i. Bí ẹ bá rí ajá náà mú, ẹ má pa á. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ níbi tí kò ti ní lè gé ẹlòmíràn jẹ, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ kẹwàá kí ẹni tó gé jẹ tó gba abẹ́rẹ́.